Kòkó Tí A Kọ Nọ́ńbà Sí Lára

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ní wọ́n sọ ọ́ fún mi ni, ẹ bi í pé níbo ló wà láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lúgọ sẹ́yìn òkìtì iyẹ̀pẹ̀ nínú ọgbà iléèwé, tí ìrì ń kán sí mi lọ́rùn. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ìwé mẹ́rin ni mo kà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mi ò parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ọ̀nà Ararọ̀mí-Òwu kọjá, tí ẹ rí oko kòkó tó ṣú dùdù, tí oòrùn ò ráyè kan ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tó tọ́ àwọn kòkó náà láti kékeré. Èmi ni. Àwọn àgbẹ̀ máa ń ti Wásinmi wá ra ọmọ kòkó lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ń ra kòkó gbígbẹ ní Gbọ̀ngán, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọwọ́ mi ni oko kan ti jáde, wọn kì í la hóró ẹ̀ wò mọ́ kí wọ́n tó gbé e sórí ìwọ̀n. Mi ò fọ́nnu o. Ohun tó wà ni mò ń sọ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí iléèwé girama kan tó wà láàárín Ìkirè àti Àpòmù wá mi délé. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan mọ́ ìwé wọn, pírínsípà tó wà níbẹ̀ nígbà náà sì yan kòkó. Bí mo ṣe di tíṣà nìyẹn. Píríọ́dù méjì ni wọ́n fún mi láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sórí taimutébù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, gbogbo ayé rí i. Bí mo bá wọ kíláàsì, àwọn ọmọ á dìde fùú, wọ́n á ní, "Gúdú mọ́nìn, sà." Ìyàwó mi ò sinmi àtimáa ròyìn ẹ̀ fún àwọn obìnrin mọ́sáláṣí wa. Mi ò bá a wí.

Iléèwé yẹn, ẹ má rò pé iléèwé lásán ni. Gbogbo irú ọmọ ló wà níbẹ̀. Ọmọ àwọn àlááji ìlú wà níbẹ̀, ọmọ àwọn akọ̀wé tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wà níbẹ̀, ọmọ Ìbò tí bàbá ẹ̀ ń ta pááàtì mọ́tò, ọmọ Hausa tí bàbá ẹ̀ ń ra obì ní Àpòmù, títí kan ọmọ Àgátú tí àwọn òbí ẹ̀ ń gba iṣẹ́ oko ṣe. Èdè wọn ò dọ́gba, oúnjẹ wọn ò dọ́gba. Ohun kan ṣoṣo tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pòsíṣọ̀n. Mo ti rí ọmọ tó gba ipò kejì rí, tó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Àwọn ìwé èsì wọn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa ti Ìbàdàn gbé ọmọ wá síbẹ̀.

Nígbà tó yá, pírínsípà tuntun dé. Obìnrin ni, kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó fún mi ní àga, ó ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ẹ̀sẹ́ẹ̀sì tuu, kíláàsì tí mò ń kọ́. Ó ní àṣẹ ti wà nílẹ̀ pé ẹni tí kò bá ní sátífíkéètì kò gbọdọ̀ dúró níwájú kíláàsì mọ́, àmọ́ bí kòkó náà bá dára, òun á rí ẹnu fi gbèjà mi.

Mo ní, "Bí kò bá wá dára ńkọ́, mà?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó dára."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Nǹkan tí wọ́n wá ní kí a ṣe nìyí: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kòkó tiẹ̀, kí a fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà ẹ̀ sára ọ̀rá tí kòkó náà wà nínú ẹ̀, nítorí àwọn alábẹ̀wò máa fún oníkálukú ní máàkì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Lóko wa, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ kan náà ni gbogbo ọmọ kòkó máa ń wà, ẹni tó bá gbé omi dé á bu omi fún gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, a ó fà á tu, a ó fi òmíì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iléèwé ni mo wà, mo gbà. Èmi fúnra mi ni mo tún sọ fún wọn pé èyí tó bá ga jù ni màá tò síwájú, níbi tí àwọn alábẹ̀wò á kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ náà wo ara wọn lójú. Mo rí i. Mo rò pé ìtara iṣẹ́ ni.

Kòkó náà hù dáadáa. Ogójì ọmọ, ogójì ọ̀rá, ewé wọn ń dán. Mo mú àwọn tíṣà kan wá wò wọ́n, mo ní kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí ẹni tí kò lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ṣe.

Àfi bí etí ewé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Á pọ́n, á gbẹ, á ká kò, bí ẹni pé wọ́n ti iná bọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀kan, ó ràn dé ìkejì, ó bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Èmi tí mo ti ń tọ́ kòkó kí n tó hu irùngbọ̀n! Mo tú ilẹ̀ wò bóyá ikán ni, mi ò rí ikán. Mo fa omi kànga iléèwé, mo tọ́ ọ wò, omi tó dára ni. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ kún àtíbàbà, mo tún yọ díẹ̀ kúrò. Àárọ̀ tó bá mọ́, tàná á sàn jù ú. Bí mo bá gbọ́ ìró mọ́tò pírínsípà, màá lọ dúró síwájú àwọn tó burú jù, màá na apá mi bí ẹni ń sinmi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń kọ́ wọn ní ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀, yunifásítì ló ti jáde. Ó yà sọ́gbà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lóṣòó, ó ń fi ìka yí iyẹ̀pẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé nǹkan kan ti pọ̀ jù nínú ilẹ̀ yìí o."

Mo ní, "Ojú pátákó nìwọ ti mọ ilẹ̀. Èmi, inú ẹ̀ ni mò ń gbé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbọn ọwọ́, ó lọ. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ní òun ló ń ba kòkó mi jẹ́. Àbí ta ni píríọ́dù mi máa bọ́ sí lọ́wọ́ bí wọ́n bá lé mi?

Nígbà tí mo kírun àsùbá tán lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ síléèwé, mo sì lúgọ dè é.

Kì í ṣe òun ló wá. Ọmọbìnrin kan ni, ọmọ akọ̀wé kóòtù, òun ló máa ń gba ipò kìíní. Agolo mílíìkì ló gbé lọ́wọ́. Ó wò yíká, ó da nǹkan funfun kan sídìí kòkó tiẹ̀, ó gbọn agolo náà nù, ó sáré lọ. Kí n tó na ẹsẹ̀, ọmọ olóbì dé, ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó lọ̀ kúnná ló kó sínú ọ̀rá tiẹ̀. Bí ìyẹn ṣe ń yà síbí, ọmọ onípááàtì ń tọ̀hún bọ̀ pẹ̀lú ike omi tó po nǹkan sí. Òmíì gbé eérú wá. Wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ń wo ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnìkejì òun ti wá. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́: kò sí ẹni tó fọwọ́ kan kòkó ọmọ ẹlòmíì. Tiwọn ni wọ́n ń tọ́jú. Mo lúgọ síbẹ̀ títí ẹni tó kẹ́yìn fi lọ.

Lákòókò ìsinmi, mo pe ọmọbìnrin yẹn sábẹ́ igi máńgòrò. Mo bi í léèrè ohun tó wà nínú agolo.

Ó ní, "Yúríà ni, sà. Wọ́n kọ ọ́ síwèé pé ó ń jẹ́ kí ewé tutù. Ìgbà tó wá ń gbẹ, mo rò pé kò tó ni. Mo fi kún un."

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Èmi nìkan ni, sà." Omi ti dé ojú ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má sọ fún pírínsípà. Ẹ̀yin lẹ sáà ní èyí tó bá ga jù ló máa wà níwájú."

Mo ní kó máa lọ.

Bí mo bá sọ ohun tí mo rí, òfin iléèwé wà nílẹ̀: ẹni tó bá tọwọ́ bọ iṣẹ́ ìdánwò níkọ̀kọ̀, òdo ni máàkì ẹ̀. Kíláàsì náà á tán síbẹ̀. Bí mi ò bá sì sọ, a jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ iṣẹ́, èmi tí Wásinmi ń wá ra kòkó lọ́wọ́ mi. Àwọn alábẹ̀wò ti fẹ́ẹ̀ dé. Mo ń fi omi lásán fọ ilẹ̀ inú àwọn ọ̀rá náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì kìlọ̀ fún gbogbo kíláàsì pé n ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni lọ́gbà mọ́. Díẹ̀ yè. Èyí tó pọ̀ jù ti lọ.

Ọjọ́ pé. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni àwọn alábẹ̀wò náà. Pírínsípà tẹ̀ lé wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin yunifásítì wà lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tò, oníkálukú dúró ti nọ́ńbà ẹ̀. Ọkùnrin náà wo kòkó, ó wo pírínsípà, ó béèrè pé ta ni tíṣà tó ni iṣẹ́ yìí.

Mo bọ́ síwájú. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi ti tutù rinrin. Mo ní, "Èmi ni. Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n fi ohun tó bá wù wọ́n sí i ni, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí àjílẹ̀ àpọ̀jù ṣe ń ba ewé jẹ́. Ẹ bi wọ́n."

Ọkùnrin náà yíjú sí àwọn ọmọ. Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀, kò bà mí bẹ́ẹ̀ rí lójú ejò. Bí ọmọ kan péré bá ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ó parí.

Ọmọbìnrin yẹn ló gbé tiẹ̀ sókè, igi gbígbẹ kan ṣoṣo nínú ọ̀rá. Ó ní yúríà lòun fi sí i, ó sọ bó ṣe pọ̀ tó, ó sọ ìgbà tí etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọmọ olóbì yíjú wò ó, ẹnu yà á, ó ní, "Ìwọ náà?" Ó wá sọ tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ nìyẹn, wọ́n sì ń wo ara wọn bí ẹni tí kò pàdé rí. Ẹ̀rín pa àwọn kan. Àwọn alábẹ̀wò ń kọ̀wé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, pírínsípà dúró tì mí lábẹ́ àtíbàbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò kọ́ wọn ní nǹkan tẹ́ ẹ sọ yẹn."

Mo ní, "Wọ́n ti mọ̀ ọ́n báyìí, mà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ rí máàkì wọn gbà, òun ò sì ní tú ohunkóhun wò. Àmọ́ òun ò rí ẹnu fi gbèjà mi. Nígbà tí wọ́n wọlé táàmù tuntun, orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló wà lórí taimutébù. Wọ́n fi ọgbà sílẹ̀ fún mi, pé kí n máa tọ́ kòkó tó máa fi kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tuntun ń pè mí ní Bàbá Ọgbà. Kòkó tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ lọ wò ó, kò sírú ẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí, kò sì sí nọ́ńbà lára ìkankan.

Ohun tó sọnù nìyí: ọmọ kòkó mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ogójì, píríọ́dù méjì lọ́sẹ̀, àti "sà" tí wọ́n ń pè mí.