Wolé-wolé àti Àwo Erùpẹ̀ Ìyá Rẹ̀

Kò sí nǹkan tí kì í rí obìnrin yìí lára. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ bà á jẹ́ ni. Ife tí ẹlòmíì fi mumi, irun tó já sétí abọ́, ìka tí ẹnì kan fi họ imú kó tó bu ṣúgà, bó bá ti rí i báyìí, imú rẹ̀ á yí, ètè rẹ̀ á ká, èébì á sì máa gbé e. Ọlọ́hun nìkan ló mọ ohun tó gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ìdí iṣẹ́ wolé-wolé. Ìjọba ló gbà á láti máa wọ ilé ìdáná àwọn tó ń ta oúnjẹ, kó máa ṣí ìkòkò, kó máa tọwọ́ bọ àgbá omi, kó sì máa ti ilẹ̀kùn ẹni tó bá dọ̀tí pa. Wolé-wolé náà la kúkú wá ń pè é ládùúgbò, àti àwa tí a ò ta oúnjẹ rí.

Ẹ bá a wọ ilé búrẹ́dì kan ná. Oníbúrẹ́dì ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, ó ti fọ ilẹ̀, ó ti wẹ̀wù funfun, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Wolé-wolé ò wo ilẹ̀, kò wo ẹ̀wù. Ó lọ tààrà sídìí àpò ìyẹ̀fun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi ìka méjì fà á, ìgbẹ́ eku sì dà sílẹ̀ wéréwéré.

"Kí lèyí?"

"Ata dúdú ni, Ọ̀gá wa."

"Ó dáa. Bù ú sẹ́nu kí n rí i."

Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wolé-wolé pòṣé, ó lé gbogbo wọn síta, ó fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà. Ó wá délé, kò lè fojú kan búrẹ́dì fún ọjọ́ gbọọrọ. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun tó bá rí níbi iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé e wálé wá jókòó sórí oúnjẹ rẹ̀.

Ẹlẹ́sìn ni o, kì í fi ìrun ṣeré. Ní Jímọ̀ kan, Ààfáà dìde, ó ṣe wáàsí lórí oúnjẹ. Ó ní kí ọmọ adáríhurun wo ohun tó wà nínú abọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó sọ ọ́ sẹ́nu. Ta ló rọ òjò rẹ̀? Ta ló la ilẹ̀ fún un? Ta ló ní kí hóró kan tó ti ń jẹrà lọ nínú ẹrẹ̀ yọrí jáde, kó so, kó di ohun tí odidi ìdílé ń jẹ yó? Ààfáà ní àmì Ẹlẹ́dàá ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá lójú kó fi wò ó. Àwọn èèyàn ń mi orí. Wolé-wolé náà ń mi orí, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tó wà nínú ẹrẹ̀. Aràn wà níbẹ̀, ẹyin aràn wà níbẹ̀, ìtọ̀ ajá wà níbẹ̀. Ìgbà tí Ààfáà wá dé orí wàrà ni nǹkan bàjẹ́ pátápátá. Ó ní ẹ wo àánú Ọlọ́hun, láàárín ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn màlúù ló ti ń fa wàrà jáde, funfun báláú, tó ń dùn lọ́fun. Gbogbo mọ́sálásí ń ṣe Súbúhánálláhì, obìnrin yìí fi ìbòrí dí ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi wàrà sí tíì mọ́.

Ìgbà tí ìyá rẹ̀ wá ṣubú, tí ìbàdí rẹ̀ fọ́, ni ọ̀rọ̀ wọnú ilé. Ìyá àgbà ò lè dìde lórí ibùsùn mọ́, Wolé-wolé nìkan ló sì bí, kò sí ẹlòmíì tí wọn ì bá gbé e lọ bá. Ọgbà ẹ̀fọ́ ni ìyá yìí fi tọ́ ọmọ rẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ ló sì fi tọ́ ọgbà náà. Ọwọ́ tó fi ń po ìgbẹ́ mọ́ ilẹ̀ láàárọ̀, tó bá ti fọ̀ ọ́, òun náà ló fi ń bu òkèlè sẹ́nu ọmọ. Wolé-wolé kì í fẹ́ rántí ìyẹn rárá.

Kò pa ìyá rẹ̀ tì o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Yàrá tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé jù ló fún un, ojoojúmọ́ ló sì ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Aránṣọ kan tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wọn ló ń bá a wo ìyá tó bá lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti di pé kó pààrọ̀ ìtẹ́dìí ìyá, ojú tó ń gbé lọ sílé búrẹ́dì náà ló máa ń gbé wọlé. Á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà lé ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á di imú, á yíjú sí ògiri, á máa fi orí ìka nù ún bí ẹni ń gbé òkú eku kúrò lọ́nà. Tó bá ṣe tán, á lọ dúró lójú fèrèsé, á máa mí. Ìyá rẹ̀ ń wò ó láti orí ìrọ̀rí.

Dókítà ti ní kí omi má kan apá àti ojú ìyá, nítorí pé awọ rẹ̀ ń bó. Táyámámù ló wá fi ń kírun. Á fi àtẹ́lẹwọ́ lu erùpẹ̀ tó mọ́, á fi pa ojú, á fi pa ọwọ́, ó ti ṣe àlùwàlá nìyẹn. Ó ti ní kí wọ́n bu àwo erùpẹ̀ gbígbẹ kan fún òun láti etí ọgbà rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ wá sílé ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ló sì ń gbé e sí. Ẹ ẹ̀ rí i pé wàhálà ti dé. Erùpẹ̀, lórí ibùsùn, nílé Wolé-wolé! Tó bá ti rí àwo yẹn báyìí, gbogbo ara rẹ̀ á máa yún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó gbé àwo náà lọ sílé ìdáná. Ó da omi gbígbóná sí i, ó da oògùn apakòkòrò lé e, ó fi igi rò ó pọ̀. Omi náà dúdú kirikiri. Ó dà á nù, ó da òmíràn sí i. Ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìrẹsì, ó ní òun ò ní fi í sílẹ̀ àfi tí omi rẹ̀ bá mọ́. Ìgbà tí omi rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, erùpẹ̀ ti bá a lọ tán, òkúta wẹ́wẹ́ ló kù nísàlẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú obìnrin yìí dùn gan-an ni. Ó nu àwọn òkúta náà gbẹ, ó kó wọn sínú àwo funfun, ó gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó di ìgbà ìrun àìlá. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ lu àwo, ó ń dún kọ̀kọ̀kọ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbé e símú, ó ń rùn bí ọsibítù. Aránṣọ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, àmọ́ nígbà tó rí ojú ìyá, ó gbé ẹ̀rín mì.

"Erùpẹ̀ mi dà?" ni ìyá bi ọmọ rẹ̀ nígbà tó dé.

"Mo fọ̀ ọ́ ni, Màámi. Ó dọ̀tí."

"O fọ erùpẹ̀."

"Mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní."

Ìyá yíjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí Wolé-wolé bá gbé omi fún un, á kàn fi kan ètè ni, á dá ife padà. Tó bá gbé oúnjẹ dé, á tọ́ ọ wò, á ní òun ti yó.

Wolé-wolé gbà pé ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ ló ń bí ìyá nínú. Ó kọrí sí mọ́sálásí, ó bá Ààfáà lórí ẹní lẹ́yìn ìrun alásárì, ó rò ó fún un.

"Ẹ ní ẹ ṣe kí ni?"

"Mo fọ̀ ọ́, Ààfáà."

"Erùpẹ̀ náà?" Ààfáà ń di ẹ̀rín mọ́nú, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ gbọ́. Níbi tí omi ò bá ti ṣeé lò, erùpẹ̀ ni Ọlọ́hun fi ṣe adelé rẹ̀. Ẹ̀yin wá lọ fi ọ̀gá fọ adelé dànù. Inú erùpẹ̀ ni gbogbo ohun tí à ń jẹ ti ń jáde, òun ni wọ́n fi mọ wá, òun la sì ń padà sí. Kò dúró de ọṣẹ yín kó tó mọ́."

"Aràn wà nínú rẹ̀."

"Ọlọ́hun ló dá aràn náà."

Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì hàn lójú rẹ̀. Síbẹ̀, ó lọ sábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ṣíbí bu erùpẹ̀ gbígbẹ sínú ọ̀rá. Èèhù koríko kan wà nínú ṣíbí náà, kò ju èékánná lọ, kòkòrò kan sì ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni pé kó ju ṣíbí nù. Ìrẹsì tó jẹ lọ́sàn-án, tòmátì tó wà lórí rẹ̀, àlùbọ́sà inú rẹ̀, inú irú nǹkan báyìí ni gbogbo wọn ti wá. Ọ̀rọ̀ Ààfáà yé e nígbà náà, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó yínmú, ó di ẹnu ọ̀rá.

Ìyá gba erùpẹ̀, ó ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀, ó kírun. Kò sì mu omi.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ìbàdí rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Ó fi ìka fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá sókè, awọ náà dúró bó ṣe fà á, kò padà. Ojú nọ́ọ̀sì yí padà. "Omi ti tán lára Màmá," ó sọ fún Wolé-wolé. "Bí wọn ò bá mu omi lónìí yìí, kíndìnrín wọn á dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ orí wọn, tó bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀, kì í padà." Ìyá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó kàn sọ ni pé kí nọ́ọ̀sì bá òun kí àwọn ọmọ tirẹ̀ nílé.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, Wolé-wolé, tó ti wọ ìbọ̀wọ́, tó sì ti di imú de ìtẹ́dìí tó fẹ́ pààrọ̀, jókòó ti ibùsùn pẹ̀lú ife lọ́wọ́. "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Omi yìí mọ́. Èmi ni mo sè é."

"Mo mọ̀ pé ó mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá mu ún?"

"Bí mo bá mu ún, á jáde. Bó bá jáde, wàá tún ṣe ojú yẹn."

"Ojú wo?"

Ìyá yí imú, ó ká ètè, ó kọ ojú sí ògiri. Ó ṣe é gẹ́lẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣe é.

"Mi ò bínú sí ọ," ó wí. "Bí Ọlọ́hun ṣe dá ọ nìyẹn, láti kékeré ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa rí ojú yẹn lójoojúmọ́ kí n tún máa bumi mu. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n gbẹ."

 Wolé-wolé ti wọ ilé ìdáná tí ìdin ti ń rìn lórí ẹran, kò sí èyí tó rí i lára tó bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rí ara rẹ̀ lára níbi tó jókòó sí yẹn. Òun tó ń ti ilẹ̀kùn àwọn aládọ̀tí pa, ó ti ti ọ̀fun ìyá rẹ̀ pa.

Ó gbé ife kalẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì dànù, ó já ohun tó fi di imú. "Mi ò ní ṣe é mọ́," ó wí. "Ẹ máa wò mí." Ó tú ìtẹ́dìí ìyá. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti ki, ó ń ta nímú, nítorí pé omi ò sí lára ìyá mọ́. Ó fi ọwọ́ lásán mú aṣọ, ó ń nù ún, ó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ wà níta gbalaja. Ìyá ń wò ó. Ìka rẹ̀ kan ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò ráyè dé ojú fèrèsé. Èébì bẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó dà sí i láyà, ó dà sétí ibùsùn, ó ta sí ìyá lápá.

Ó dúró síbẹ̀, kò lè gbé ojú sókè.

"Sún mọ́ mi," ni ìyá wí.

Ó sún mọ́ ọn. Ìyá tú gèlè orí rẹ̀, ó fi nu ẹnu ọmọ, ó nu àgbọ̀n rẹ̀, ó nu ọrùn rẹ̀. Nígbà tí gèlè ti rin, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìyókù kúrò láyà rẹ̀. Imú ìyá náà yí. Ètè rẹ̀ ká, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró.

"Ó ń rí yín lára," ni ọmọ wí.

"Ó ń rùn burúkú burúkú. Kí lo jẹ?" Ìyá ń nù ún lọ. "Ṣé o rò pé ìdí rẹ kì í rùn nígbà tí mo ń nù ọ́ ni? Ojú tí mo ń ṣe nígbà náà burú ju èyí tí ò ń ṣe lọ. Ìwọ ò kàn wojú mi ni, ìwọ ń jẹ ìka rẹ."

 Ó jọ pé ìyá fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wá na ọwọ́ sí ife.

"Gbé omi yẹn wá jàre. Ọlọ́hun tó la ọ̀nà tó ń gbà wọlé náà ló la ọ̀nà tó ń gbà jáde."

Ó mu ún tán. Kò tíì di ìrọ̀lẹ́ tí omi náà fi jáde. Wolé-wolé tú ìtẹ́dìí, imú rẹ̀ yí, ètè rẹ̀ ká, ó ń bú òórùn náà, ìyá rẹ̀ ń bá a bú u, ó sì ń fi ọwọ́ lásán nù ún. Ó ń nù ún lọ́wọ́ ni ìyá ní òùngbẹ ń gbẹ òun, kó bu òmíràn wá.