Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Bàbá Mi Fi Gba Àna

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, orí òpó ni ilé wa wà, lórí omi níhìn-ín ní Ìlàjẹ, a kì í sì wo aago ká tó jáde. Omi là ń wò. Bí omi bá kún, ọkọ̀ á wọ odò tóóró tó dé ẹnu ọ̀nà wa wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá sì há, kó yáa bọ́ aṣọ àjò rẹ̀, ó di ìgbà tí omi bá tún dé. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rán àlejò létí omi kó tó jẹun tán, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tíṣà wa, ọkùnrin kan tó wá láti òkè, kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ òyìnbó kan: ínfílọ́kìsì. Ó ní ohun tó bá ya wọ ibì kan lọ́pọ̀ yanturu ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe ọjà, ìbáà ṣe èèyàn. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo kò lè jẹ́ ínfílọ́kìsì. Mo gbé e délé fún bàbá mi, wàhálà bá bẹ̀rẹ̀. Apẹja ni bàbá mi, kò jókòó ní kíláàsì rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Edé pọ̀ nínú àwọ̀n, ínfílọ́kìsì. Ẹ̀fọn wọlé nírọ̀lẹ́, ínfílọ́kìsì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìkan wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó tún pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bàbá, tíṣà ní ẹnì kan ò lè jẹ́ ẹ." Ó ní, "Ṣé tíṣà ti rí i níbi tó ti ń jẹun ni?"

Àfi ìgbà tó kan ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí rẹ̀. Òde Màhìn ni ilé ọkọ wà. Bàbá mi fẹ́ràn ọmọ yẹn ju gbogbo wa lọ, kò sì fi bò. Òun ló máa ń bá a tún àwọ̀n ṣe. Àdéhùn ni pé àwọn àna á bá omi àárọ̀ wọlé, wọn á jẹun, wọn á sì mú ìyàwó wọn lọ kí omi tó fà. Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé, bàbá mi dákẹ́ pátápátá, kò tilẹ̀ pe ẹ̀fọn lórúkọ mọ́.

Àwọn àna dé, ọkọ̀ lórí ọkọ̀. Wọ́n jẹ púpurú àti ẹja, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n di ẹrù ìyàwó sínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. Ni bàbá mi bá wúkọ́, ó ní òun ò tíì kí àna òun káàbọ̀.

"Ẹ̀yin àna mi, ínfílọ́kìsì ni yín!"

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Ó ti edé bẹ̀rẹ̀, ó ka oríṣiríṣi edé. Ó bọ́ sórí ọjà. Ó ní kí olórí àwọn àna pe ọ̀rọ̀ náà, ó ní kò tíì dáa tó, kó tún un pè. Ìyá mi ṣẹ́jú sí i títí, ó sú u.

"Bàbá wọn, omi o!"

"Mo máa tó dé orí ọ̀rọ̀ omi."

Nígbà tó fi máa jókòó, àwọn ọkọ̀ náà ti jókòó sínú ẹrẹ̀. Kí omi tó tún padà dé, ilẹ̀ ti ṣú, ta ló fẹ́ wa ìyàwó tuntun kọjá odò nínú òkùnkùn? Gbogbo wọn sùn mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n sì jẹ gbogbo ẹja tó wà lórí ààrò. Ìyá mi ní, "Kí lòyìnbó ń pe èyí tó ń lọ? Ẹ lọ kọ́ ìyẹn náà!"  Bàbá mi ti jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, àwọn méjèèjì ń tún àwọ̀n ṣe, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ọ̀pọ̀ ọdún la fi rò pé òyìnbó ló ń pa bàbá wa bí ọtí, a sì ń fi í ṣẹ̀rín. Ayé ti yí padà báyìí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lẹ̀yin ọmọ mi fi ń wá, fóònù lẹ̀ ń wò, ẹ kì í wo omi. Ẹ dé láàárọ̀, ẹ fẹ́ lọ lọ́sàn-án, ilé tó kún á tún dá páropáro, ó sì ń dùn mí. Ẹ jókòó, ó ku ibi tí mi ò tíì túmọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbọ́ tí awakọ̀ yín ń pariwo omi níta. Ẹ sọ fún un pé mo máa tó dé orí ẹ̀.