Wọ́n Ní Kí Màmá Lọ Pààrọ̀ Aṣọ

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀ mí pé kí n má bínú mọ́, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan wà nínú ìjọ wa ní Òwu, tó ń bá àwọn àgbàlagbà abúlé san owó iṣẹ́ abẹ ojú. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹni tí nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀, tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó rí i tí á máa ṣa ẹ̀wà fúnra rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ náà máa ń se àsè alẹ́ kan, tí wọ́n á pe àwọn olówó ìlú àti àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó ń lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó, kí wọ́n wá jẹun, kí wọ́n sì dáwó. Èmi ni mo máa ń bójú tó oúnjẹ àti ìjókòó. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n máa to ṣíbí sórí tábìlì ju kí n jókòó sílé kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n.

Èmi náà ni mo máa ń fi ọkọ̀ mi lọ gbé àwọn aláìsàn wá láti abúlé, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ màmá tí mò ń sọ yìí. Tí èèyàn bá dé Òṣíẹ̀lẹ̀, á yà wọ inú oko kó tó dé abúlé wọn. Ìdílé olóòṣà ni wọ́n. Ojúbọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọn kì í sì í fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Màmá bi mí pé, "Tíṣà, ṣé àá ní láti wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín kí ẹ tó tún ojú mi ṣe?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ojú lásán la fẹ́ tún ṣe."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí bándéèjì lójú wọn, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Háà! Báyìí lẹ ṣe pupa tó? Ohùn yín jọ ti ẹni dúdú." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí àsè tún kù sí dẹ̀dẹ̀, Alága ẹgbẹ́ wa ní òun fẹ́ kí ẹnì kan nínú àwọn tí a ràn lọ́wọ́ wá dúró níwájú àlejò. Ó ní àwọn èèyàn kì í lawọ́ sí ohun tí wọn kò bá rí. Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni, mo sì lọ sọ fún Màmá. Inú wọ́n dùn. Wọ́n ní ó pẹ́ tí àwọn ti fẹ́ fi ojú rí àwọn tó dáwó, kí àwọn kí wọn. Mo sọ fún wọn pé wọ́n á jókòó ti àwọn àlejò, wọ́n á sì bá wọn jẹun.

Léèsì aláwọ̀ ọsàn ni Màmá wọ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ìgbéyàwó ọmọ wọn ni wọ́n ti wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Wọ́n wé gèlè wọn fúnra wọn níwájú dígí, wọ́n sì ń yí orí wò ó sọ́tùn-ún sósì. Mo fi wọ́n jókòó sí tábìlì kan nítòsí iwájú, mo sáré wọ ilé ìdáná nítorí ìrẹsì ti fẹ́ jóná.

Nígbà tí mo padà, alágbàdá kan ló wà lórí àga Màmá.

Mo bi akọ̀wé wa, "Màmá dà?"

Ó wolẹ̀. "Anti, Alága ló ní kí Màmá lọ dúró lẹ́yìn ná. Wọ́n ní aṣọ wọn kò jọ ti ẹni tó nílò ìrànwọ́."

Inú yàrá tí a ń kó ohun mímu sí ni mo ti bá wọn, lórí àpótí kòkakólà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Wọ́n ti fi ìró gbígbó ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ abọ́ lé wọn lẹ́sẹ̀, pé kí wọ́n ró o. Àwo ẹran ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò sí èyí tó yà sọ́dọ̀ wọn.

Màmá ní, "Tíṣà, ṣé aṣọ mi dọ̀tí ni?"

Mo lọ bá Alága lẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tó ti ń kí àlejò káàbọ̀.

"Sà, ẹ̀yin lẹ ní kí màmá lọ pààrọ̀ aṣọ?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí àwọn tó ń wọlé. "Màdáámù, ẹ rọra. Tí wọ́n bá rí i nínú léèsì, wọ́n á ní kí la tún ń tọrọ owó fún."

"Wọn ò tíì jẹun."

"Wọ́n á jẹun tí ètò bá parí. Ẹ sì bá mi sọ fún wọn kí wọ́n sọ pé àwọn ti kó òrìṣà yẹn dànù. Ohun tó máa mú kí àwọn èèyàn tọwọ́ bàpò nìyẹn."

"Wọn ò kó o dànù, sà."

"Ẹnu lásán ni, Màdáámù. Ta ló máa débẹ̀ lọ wò ó?"

Ẹnu lásán! Ọkùnrin tó ń dúró níwájú wa ka Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Mi ò bá a jiyàn mọ́. Mo padà sẹ́yìn, mo ká ìró gbígbó yẹn, mo dá a padà fún ẹni tó ni ín. Mo bu ìrẹsì, mo bu móínmóín, mo mú itan adìyẹ tó tóbi jù lé e lórí. Mo fi ọwọ́ kan gbé àwo, mo fi èkejì di Màmá mú, a sì gba àárín gbọ̀ngàn kọjá lójú gbogbo ayé. Orí àga Alága gan-an ni mo fi wọ́n jókòó sí ní tábìlì iwájú. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀. Aṣọ yìí mà dára lára yín o." Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Wọ́n fọ́ egungun adìyẹ náà, wọ́n fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀.

Alága kò rí ohun tó lè ṣe níwájú àlejò. Nígbà tó yá, ó gba máíkì, ó ní ìyá tó wà nínú òkùnkùn ti ara àti ti ọkàn nìyí. Ó wá bi wọ́n, "Màmá, ẹ sọ fún wa, òrìṣà yín ńkọ́?"

Màmá rò pé ó ń bi àwọn léèrè ilé ni, bí èèyàn ṣe ń béèrè ọmọ àti aya. Wọ́n ní, "Ó wà o. A dúpẹ́."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan pòṣé. Màmá kò tilẹ̀ kíyè sí wọn. Wọ́n dìde, wọ́n dojú kọ àwọn àlejò, wọ́n ní, "Ẹ kú ìnáwó. Ojú tí ẹ là fún mi, mo fi ń rí ewé ẹ̀gẹ́ mi, mo fi rí ọmọ ọmọ mi. Ojú ò ní pọ́n ẹ̀yin náà." Wọ́n padà jókòó.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní mo ti dójú ti ẹgbẹ́, kí n kúnlẹ̀ bẹ Alága. Mo ní màá kúnlẹ̀, tí òun náà bá lè bá mi lọ bẹ Màmá.

Ó ní, "Èmi? Kí n lọ bẹ abọ̀rìṣà?"

Mo wo yíká yàrá. Àwọn tó ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣáájú ìpàdé, tí wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ohun tí mo ṣe dára, gbogbo wọn ń wo èékánná. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ Alága lọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé ni. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lélẹ̀, mo dìde, mo kúrò nínú ẹgbẹ́.

Wọ́n ṣì ń se àsè náà. Mo gbọ́ pé ẹni tí wọ́n mú jáde lẹ́yìn Màmá wọ àkísà, ó sunkún dáadáa, owó sì wọlé. Owó yẹn náà ni wọ́n fi la ojú àwọn mìíràn. Ohun tó há mi lọ́rùn nìyẹn, nítorí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má dáwó.

Láìpẹ́ yìí, Màmá ránṣẹ́ pè mí nítorí bàbá kan ládùúgbò wọn tí ojú rẹ̀ ti ń lọ. Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé kó lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn yẹn?"

Mo ní kó lọ. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ, inú sì ń bí mi láti Òṣíẹ̀lẹ̀ títí a fi dé ẹnu ilẹ̀kùn wọn.