Sólà Tí Wọ́n Ní Ká Tú Kúrò Lórí Òrùlé

Láàárọ̀ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ fi ọ̀dà pupa sàmì sára fẹ́ǹsì wa ní Bódìjà, n'Íbàdàn, bíi ti ilé tí wọ́n fẹ́ wó.

Ẹ̀ṣẹ̀ wa ò ju sólà orí òrùlé lọ. Torí abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà màámi la ṣe rà á. Inú fíríìjì ni abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ máa wà, iná ìjọba ò sì ṣeé gbọ́kàn lé.

Ọ̀gá tó gbé ọ̀dà dání nínú wọn ní, "Ẹ ò gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé e sókè."

Mo ní, "Sà, oṣù kẹta rèé tí fọ́ọ̀mù wa ti wà lọ́fíìsì yín."

"Ẹni tó máa fọwọ́ sí i ò sí ńlẹ̀. Ẹ tú u láàárín ọjọ́ méje."

Ó fa ìlà kan sí i sábẹ́ àmì náà, ó wá na fóònù ẹ̀ sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi síná díẹ̀. Kò síná lọ́fíìsì wa látàná."

Màámi sọ̀rọ̀ láti pálọ̀: "Gbà á lọ́wọ́ wọn. Kó o sì fún wọn lómi tútù, oòrùn mú."

Ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ màámi nínú fíríìjì tí sólà yẹn ń gbé ni mo ti mú omi náà. Ó mu ún tán, ó ní ó tutù dáadáa.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa fún un mu?