Kọ̀ǹpútà Pobè, Àgbàdo Sakété

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́: odidi ọjọ́ kan ni mo fi ń wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan ní Pobè yóò gbà sọ̀rọ̀ tí òmíràn ní Sakété yóò gbọ́, ó sì rẹ̀ mí bí ẹni tó roko.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá, ló ni ọ̀ràn. Etí títì ní Sakété ló máa ń sá àgbàdo sí, ṣùgbọ́n òjò kọ̀, kò dá. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wá ra ẹ̀rọ tó ń fi ooru mú àgbàdo gbẹ. Kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ni yóò máa ṣọ́ ooru náà. Irúgbìn Màmá ló wà nílẹ̀: bí ooru bá pọ̀ jù, yóò kú, bí kò bá sì tètè gbẹ, yóò rà. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ kékeré níṣẹ́.

Kékeré ò lè dá oúnjẹ ara rẹ̀ sè. Orí kọ̀ǹpútà ńlá mi ní Pobè ni mo ti kọ iṣẹ́ náà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí yóò máa tẹ̀lé. Mo dán an wò nílé, ó ń ṣe dáadáa. Mo gun zémì, ọ̀kadà tiwa, lọ sí Sakété bí ọkọ ìyàwó. Kékeré kọ̀ jálẹ̀. Àṣé èdè ẹ̀rọ ńlá ni mo túmọ̀ iṣẹ́ náà sí, bí ẹni tó ń fi Faransé kí àgbà tó gbọ́ Gùn nìkan.

"Gbogbo ìwé tí o kà yẹn, wọn ò kọ́ ẹ ní ti àgbàdo ni?" Màmá bi mí.

"Wọ́n kọ́ mi, Màmá. Jíjẹ ẹ̀ ni."

"Ìyẹn hàn lára ikùn ẹ."

Mo padà sí Pobè nínú òjò. Mo wá olùtumọ̀ orí ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè kékeré, mo tún lọ. Kékeré jí, ó tún kú fin-ín: iṣẹ́ náà ń wá àwọn àṣẹ alábàárìn rẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ ńlá. Mo tún padà lọ di gbogbo wọn mọ́ ọn, bí arìnrìn-àjò tó gbé ìkòkò, iyọ̀ àti igi ìdáná dání.

"Ẹ̀gbọ́n," ni onízémì wí, "obìnrin yín ní Sakété yìí mà le o."

"Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún," mo ní. Ó fi kún eré.

Ní ìrọ̀lẹ́, kékeré gbọ́. Ooru ga, ó pa ẹ̀rọ náà. Ó rẹlẹ̀, ó tàn án. Màmá ń wò ó bí àna tí kò wù ú. Èmi sùn lọ sórí àpò gàrí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ló jí mi. Ó bu àgbàdo sọ́wọ́, ó fẹ́ ẹ, ó fi ẹyọ kan sí mi lẹ́nu.

"Gé e. Eyín ló ń jẹ́rìí àgbàdo tó gbẹ."

"Eyín tiyín ńkọ́, Màmá?"

"Mélòó ló kù?"

Mo gé e. Nǹkan dún kàú. Kì í ṣe àgbàdo ló là.

"Ó gbẹ!" Màmá pariwo, ó ń jó, ó sì ń pe gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wo eyín mi.