Àbúrò Mi àti Lúùpù Kejì

Aránṣọ ìyàwó ni àbúrò mi. Aṣọ funfun ló ń rán láàárọ̀, aṣọ funfun ló ń rán lálẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wa kéré débi pé bí gáùn kan bá wà lórí tábìlì, àwa méjèèjì á máa fẹ̀gbẹ́ rìn ni. Èmi ni mò ń gé e, òun ló ń rán an, á sì máa bú mi pé àlùmágàjí mi ti kú.

Nígbà tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó lọ. Dókítà sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé oyún mìíràn lè pa á. Ló bá lọ fètò sọ́mọ bíbí. Nọ́ọ̀sì fi oríṣi méjì lúùpù tí wọ́n ń fi sínú obìnrin kó má baà lóyún hàn án: oníbàbà tí kò ní oògùn kankan lára, àti èyí tó ń tú oògùn díẹ̀díẹ̀ sínú ilé ọmọ. Ó ní kò sí èyí tí kò dáa nínú méjèèjì, pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó bá lò ó fún ọdún kan, agbára káká ni ẹnì kan fi máa lóyún. Oníbàbà ló wà lára èmi náà láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò tiẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀. Àbúrò mi wò mí, ó ní irú tèmi lòun fẹ́.

Àṣé ara wa ò rí bákan náà. Nǹkan oṣù rẹ̀ wá ń ya bí omi ẹ̀rọ, inú ń run ún, ojú rẹ̀ funfun bí ojú ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ lára. Wọ́n ní kó ní sùúrù, pé ó lè rọlẹ̀ tó bá pẹ́ díẹ̀. Kò rọlẹ̀. Òòyì á kọ́ ọ nídìí máṣíìnì, á gbórí lé gáùn olówó. Mo ní kó lọ yọ ọ́, kó gba èkejì. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ìyẹn lè dá nǹkan oṣù dúró pátápátá. Bí mi ò bá rí i, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mi ò lóyún?"

"O wá fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tán lára ẹ torí kọ́kàn ẹ lè balẹ̀?" Inú bí mi gan-an.

Ìgbà tó ṣubú lulẹ̀ níwájú oníbàárà ló tó gbà. Wọ́n yọ oníbàbà, wọ́n fi èkejì sí i. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán nígbà tí kò yẹ, orí ń fọ́ ọ, irorẹ́ sú sí i lójú, mo sì ń pè é ní ọmọge. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ lọlẹ̀, nǹkan oṣù náà sì dáwọ́ dúró. Ìgbà yẹn ni wàhálà tuntun bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, kó tó jókòó sídìí máṣíìnì, á fa téèpù tí a fi ń wọn àwọn ìyàwó yọ, á fi yí ikùn ara rẹ̀ ká.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó na téèpù náà sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti lé sí i."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mi ò ní purọ́; a kọrí sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Kò sí oyún. Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó wo bí inú ojú rẹ̀ ṣe pọ́n, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ yín ti padà. Ṣé ẹ ti ń jẹun báyìí?"

"Ebi ń pa mí ṣáá ni."

"Ẹ sanra ni, ìyá."

"Èmi? Sanra?" Àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó bú sẹ́kún. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń pín àwọn ọmọ mi lọ́kàn mi, tí oyún bá pa mí. Ẹ̀yin ni mo fún ní àkọ́bí. Àbíkẹ́yìn yẹn ni mi ò mọ ẹni tí mo máa fún."