Màmá Kíláàsì àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Tó Jóná

Aránṣọ ni obìnrin náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí títì, ibẹ̀ ló ti ń wo àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama bí wọ́n ṣe ń kọjá láràárọ̀. Òun ló rán púpọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò wọ irú rẹ̀ rí. Ọdún tó yẹ kó wọ girama ni bàbá rẹ̀ kú, wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́. Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: kò sí ìtàkúrọ̀sọ tí obìnrin yìí kì í ti í dárúkọ ìwé. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin wọ kíláàsì kẹrin ní girama, ó rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ méjì, ọ̀kan ṣe pẹ́ńpẹ́, ìkejì fẹ̀ dáadáa.

Ọkọ rẹ̀ gbé èyí tó fẹ̀ náà sókè. “Ta ló ni eléyìí?”

“Èmi ni.”

Ọkọ ká aṣọ náà sílẹ̀. “Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí òbí ẹ wá, mi ò lọ o.”

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dán an wò, ó sì gbà á sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Màmá Kíláàsì. Ó ń yá wọn ní abẹ́rẹ́ àti òwú, ó ń bá àwọn aláriwo wí, tíṣà ìṣirò pàápàá ń kí i kó tó jókòó. Ojú ń ti ọmọ rẹ̀ bíi kí ilẹ̀ lanu.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, tí a bá pàdé lọ́nà, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ̀ mí.”

“Mo gbọ́,” ni ìyá wí. Ó dùn ún.

Ọ̀sán kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wáyà kan ṣáná lókè yàrá ìkàwé. Pákó gbígbẹ ni gbogbo àjà ilé náà. Kí wọ́n tó ké ìbòòsí, iná ti gun òrùlé. Gbogbo ọmọ sá lọ sí pápá. Màmá Kíláàsì wò yíká, kò rí ọmọ rẹ̀. Ó ká síkẹ́ẹ̀tì sókè, ó dorí kọ ilé tó ń jó náà. Tíṣà ìṣirò rọ̀ mọ́ ọn lápá.

“Ẹ fi mí sílẹ̀! Ọmọ mi wà ńbẹ̀!”

Ìgbà náà ni ohùn kan ta láti ẹ̀yìn ilé, níbi ẹ̀rọ omi. “Màámi! Ta ló rí màámi? Ẹ bá mi wá ìyá mi o!” Ọmọ náà ló ń sáré bọ̀, ó ń pariwo lójú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, kò bìkítà. Omi ló lọ mu kí iná tó bẹ́ sílẹ̀, ó sì rò pé ìyá òun ṣì wà nínú kíláàsì. Wọ́n dì mọ́ra gbágbáágbá.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá kọ́kọ́ sọ ni, “Bàtà ẹ kan dà?” Ọmọ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣẹ́kù. Abẹ́ ìbòrí ilé ìlàpákó kan nítòsí ni wọ́n ti parí ẹ̀kọ́ wọn. Bí ẹ̀rọ tó ń la pákó bá ń ké, tíṣà á dákẹ́. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, tíṣà á bẹ̀rẹ̀. Ìyá yege nínú ìdánwò àṣekágbá. Ìṣirò gbé ọmọ lulẹ̀, ìyá ló sì kọ́ ọ níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ títí tó fi tún un ṣe.

Wọn kò tún ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ́ mọ́. Ilé ìwòsàn ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí orúnkún bá ń dun Màmá Kíláàsì, ibẹ̀ ló ń lọ, á sì bá àwọn tó mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lórí bẹ́ǹṣì.

“Yàrá wa rèé,” á ní.

“Irọ́ o,” ni káfíńtà àgbà kan máa ń dáhùn. “Yàrá àwọn tíṣà ni. Wọ́n nà mí níbí.”

Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n á fà á bọ̀, títí nọ́ọ̀sì á fi yọjú pé, “Ẹ̀yin àgbà, ta ló kàn?”